Kẹ̀kẹ́ Ológeere ní Àárín Ìbàdàn Àtijọ́: Ìtàn Ohun Ìrìnnà Kan àti Àwọn Tó Mọ Tinú-Tòde Rẹ̀

Nínú àwọn ìwé tó sọ ìtàn Ìbàdàn, ogun, oyè, kòkó àti òṣèlú ló máa ń gba iwájú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Ọjà Ìbà, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹyẹrunkà ṣe ń ti ilé dé oko, tí wọ́n sì ń ti àárín ìlú dé ẹnu iṣẹ́ ní ọ̀rúndún ogún, kò lè fo kẹ̀kẹ́ ológeere dá. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ohun ìrìnnà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ẹni tó gùn ún ń fi agbára ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yí, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí kò sì ń mu epo. Olówó ló kọ́kọ́ rà á, ìjọba ló sì fún un ní nọ́ńbà, àmọ́ àwọn tó mú un fìdí múlẹ̀ ní àárín ìlú yìí ni àwọn tó mọ tinú-tòde rẹ̀, ìyẹn àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, àti àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó máa ń pé jọ sí ìsọ̀ wọn láti fi ti ẹnìkan wé ti ẹnìkejì. Ibi tí ìmọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí yà sí ni kẹ̀kẹ́ náà yà sí, èyí ni a ó sì rí bí ìtàn náà ṣe ń lọ.

Ọdún 1885 ni John Kemp Starley ṣe kẹ̀kẹ́ tó pè ní Rover ní ìlú Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kẹ̀kẹ́ yìí ni baba ńlá èyí tí ayé ń gùn títí di òní, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì ló sì ń gbé agbára láti ibi ìtẹ̀sẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì wà ní ibùdó ogun Kírìjì, níbi tí wọ́n ti dojú kọ àwọn Èkìtìparapọ̀ láti bí ọdún mélòó kan, tí ìwé àdéhùn àlàáfíà kò sì wáyé títí di 1886. Nígbà tó di 1888, John Boyd Dunlop ṣe táyà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ní ìlú Belfast, ìjókòó orí kẹ̀kẹ́ sì wá tura ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, rọ́bà sì di ohun tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń wá kiri ayé.

Wíwá rọ́bà yìí ni kẹ̀kẹ́ fi kọ́kọ́ kan ilẹ̀ Yorùbá, kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn ibẹ̀ tó fojú kàn án rárá. Igi irẹ́, tó ń sun oje funfun tí wọ́n fi ń ṣe rọ́bà, pọ̀ nínú igbó tó wà lẹ́yìn Èkó, láti nǹkan bí 1894 sì ni àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba oje náà ti ń wá láti Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Yorùbá sì ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wọn. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba Èkó jáde lé ní 5,000,000 pọ́ùn ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n wọ́n sá igi náà lógbẹ́ débi pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kú, nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì fi máa parí, òwò náà ti dojú dé. Ohun tó jáde láti inú igbó gẹ́gẹ́ bí oje igi wá padà wọlé gẹ́gẹ́ bí táyà, owó tí wọ́n fi rà á padà sì ju iye tí wọ́n tà á lọ fíìfíì.

Àdéhùn tí àwọn ìjòyè Ìbàdàn bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893 ló ṣí ìlẹ̀kùn fún Ajẹ́lẹ̀, ìyẹn òyìnbó tó ń ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nínú ìlú, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Láti ìgbà náà, ẹrù tó ń gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí àwọn alárù ń dé láàárín ọjọ́ kan, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tú palẹ̀ sínú àpótí pákó sì wà lára irú ẹrù tí ọkọ̀ ojú irin lè gbé láìfi ohunkóhun ṣe é. Ní nǹkan bí 1906, ìjọba la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ọ̀nà tí wọ́n bá sì ti tẹ́ fún mọ́tò, tí mọ́tò kò tíì pọ̀ lórí rẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ ló ń jẹ adùn rẹ̀. Àwọn òyìnbó, àwọn akọ̀wé, àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run ló ṣíwájú nínú gígùn ún, lẹ́yìn wọn ni àwọn ońṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ àti àwọn wolé-wolé, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń yẹ àgbàlá àti àmù omi wò kí ẹ̀fọn má baà rí ibi yé ẹyin sí. Nínú iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ń yá òṣìṣẹ́ lówó láti fi ra kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń san owó kẹ̀kẹ́ fún un lóṣooṣù láti fi tọ́jú rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ní ìgbà àkọ́kọ́ yìí, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ gba Ọjà Ìbà kọjá kì í ṣe ẹni lásán: yálà ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ni, tàbí ó mọ̀wé, tàbí kó jẹ́ méjèèjì, àwọn ìyá tí àmù wọn kò mọ́ sì ti ń mọ agogo kẹ̀kẹ́ wolé-wolé láti òkèèrè.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, onímọ̀ nípa ètò ìlú, ti ṣàlàyé pé Ìbàdàn ní àárín méjì: èkíní ni ti àtijọ́, tó yí Ọjà Ìbà àti Òkè Màpó ká, níbi tí agboolé so mọ́ agboolé, èkejì ni ti Gbági, tó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìfowópamọ́. Ẹni tó ń gbé Bẹyẹrunkà tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbági, gbọ́dọ̀ rìn láti àárín kan bọ́ sí èkejì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àlàfo yìí sì jìnnà fún ẹlẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ ra mọ́tò. Nígbà tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn Màpó láàárín 1925 sí 1929, lábẹ́ àbójútó ẹnjinníà Robert Jones tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Taffy, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ wá wà ní orí òkè tó ga ju ọjà lọ, gbogbo akọ̀wé, akódà àti ońṣẹ́ tó ní iṣẹ́ níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá òkè náà jà.

Irú kẹ̀kẹ́ tó gbajúmọ̀ nígbà náà ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì ń pè ní kẹ̀kẹ́ àgbà. Irin ni wọ́n fi ṣe gbogbo ara rẹ̀, táyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 28, ìwọ̀n rẹ̀ sì máa ń tó nǹkan bí kìlógíráàmù 20. Bíréèkì rẹ̀ kì í lo wáyà: ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá fà á, rọ́bà kékeré méjì á tẹ̀ mọ́ rímù, ìyẹn òrùka irin tí táyà jókòó lé. Gígùn àti ìfàsẹ́yìn irin tó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dúró mú kó máa rọra gba kòtò, nítorí náà ó bá ojú ọ̀nà eléruku mu ju kẹ̀kẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti àwọn eléré ìje lọ. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù méjì tí òkè Ìbàdàn kì í fi bò. Àkọ́kọ́ ni pé jíà kan ṣoṣo ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn, jíà sì ni ohun tó ń pinnu bí ìtẹ̀sẹ̀ yóò ṣe le tàbí rọ̀ tó, nítorí náà ẹni tó bá ń gun Màpó láti ìhà Ọjà Ìbà máa ń sọ̀ kalẹ̀ tì í ni. Èkejì ni pé rímù irin máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀, bíréèkì kì í sì í mú un bó ṣe yẹ, ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lọ́jọ́ òjò ní láti fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí bíréèkì. Ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer ti ṣe jíà mẹ́ta sínú ọkàn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àmọ́ owó rẹ̀ ga, kò sì rọrùn láti tún ṣe bó bá bàjẹ́, ìdí nìyí tí ẹni tó bá ní in fi máa ń di ẹni tí wọ́n ń tọ́ka sí.

Owó kòkó ló gba kẹ̀kẹ́ kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé nìkan. Ìbàdàn jẹ́ ìlú tí àgbẹ̀ rẹ̀ ń ní ilé méjì, ọ̀kan nínú agboolé ní àárín ìlú, ìkejì ní abúlé tó wà lọ́nà oko, ní ìhà Àkànrán tàbí ibòmíràn, tí ìrìn ẹsẹ̀ sí i lè gba ìdajì ọjọ́. Kí kẹ̀kẹ́ tó dé, àgbẹ̀ a máa pẹ́ lóko lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀, a sì máa wá ilé fún ọdún, ìsìnkú tàbí ìpàdé ẹbí. Kẹ̀kẹ́ wá mú kí ọkùnrin lè wà lóko láàárọ̀ kí ó sì dé ibi ìpàdé mọ́gàjí, ìyẹn olórí agboolé, nírọ̀lẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ agboolé kò fi ní láti dúró de ọjọ́ ọdún mọ́. Àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà rí i lò, nítorí àpò kòkó kan, tó lé ní kìlógíráàmù 60, ṣeé dì mọ́ káríà, ìyẹn àtẹ irin tó wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, bí atúnkẹ̀kẹ́ṣe bá ti fi irin mìíràn ràn án lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹ́mu so agbè mọ́ tiwọn lọ́tùn-ún lósì, àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn gbé tiwọn síwájú, wọ́n sì fi ń gba àdúgbò kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó ló ń kó kẹ̀kẹ́ wọ̀lú, lára wọn ni UAC, tó dá dúró ní 1929 lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ méjì parapọ̀, John Holt, CFAO àti SCOA, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Gbági àti agbègbè rẹ̀. Raleigh, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Nottingham ní àwọn ọdún 1880, ló gbajúmọ̀ jù, Hercules àti Phillips tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì ń ti ìhà Birmingham wá bíi ti BSA, kọ́ńpìnnì tó kọ́kọ́ ń ṣe ìbọn kó tó máa ṣe kẹ̀kẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí yí padà sí ṣíṣe ohun ìjà, kẹ̀kẹ́ tuntun sì wọ́n, èyí tó mú kí títún ògbólógbòó ṣe di iṣẹ́ tó lówó lórí. Lẹ́yìn ogun, ẹrù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní yanturu. Nínú àwọn àwòrán ìpolówó tí Raleigh fi ránṣẹ́ sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọ̀kan gbajúmọ̀ tó fi ọkùnrin kan hàn tó ń sá fún kìnnìún lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ní Ìbàdàn, ohun tí oníkẹ̀kẹ́ ń sá fún kò le tó bẹ́ẹ̀: òjò, ọ̀gá akọ̀wé tó ń ṣírò ìṣẹ́jú, àti ọlọ́pàá tó ń yẹ iná kẹ̀kẹ́ wò lálẹ́.

Orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára irin iwájú kẹ̀kẹ́ ni orísun àríyànjiyàn tí kì í tán. Àwọn tó fẹ́ràn Raleigh a máa sọ pé irin rẹ̀ kì í tẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ kì í sì í ṣí bọ̀rọ̀. Àwọn onígbèjà Hercules a máa dá wọn lóhùn pé ẹrù ni wọ́n ra kẹ̀kẹ́ fún, kì í ṣe ọ̀dà, àti pé owó tó kù lọ́wọ́ àwọn tó rà á, fún ọmọ ni. Wọ́n ń wo bóyá kẹ̀kẹ́ ní ilé ṣéènì, ìyẹn páànù tó bo ṣéènì láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí pé òun ni kì í jẹ́ kí gíríìsì ba ẹsẹ̀ ṣòkòtò jẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ní in a máa ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún, á fi irin kékeré tó rí bí ẹ̀gbà dè é, tó bá sì wọ agbádá, á ká a sí èjìká méjèèjì kó má baà wọ inú sípóòkù, ìyẹn àwọn irin wẹ́wẹ́ tó di rímù mú. Ẹni tó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ a máa fi aṣọ tàbí rọ́bà aláwọ̀ wé irin rẹ̀, á ran èèpo fún ìjókòó, á fi dígí síwájú, á sì so dáínámò mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí táyà ń yí tó fi ń pèsè iná. Èyí tí wọ́n ń pè ní kẹ̀kẹ́ obìnrin kò ní ọ̀pá tó gba àárín kọjá, nítorí náà ẹni tó ró ìró tàbí tó wọ kaba lè gùn ún láìgbé ẹsẹ̀ sókè, àwọn agbẹ̀bí àti olùkọ́ obìnrin sì rí i lò lẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Ìsọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni ilé ẹjọ́ níbi tí wọ́n ti ń dá gbogbo àríyànjiyàn yìí. Ìsọ̀ náà kì í ju abẹ́ igi tàbí iwájú ilé kan lọ, pẹ̀lú rímù ògbólógbòó tí wọ́n fi kọ́ gẹ́gẹ́ bí àmì, pọ́ǹpù tó ga dé orúnkún, àti agbada omi. Bí táyà bá jò, ọmọ iṣẹ́ á da kẹ̀kẹ́ dojú dé, á fi irin pẹlẹbẹ méjì yọ ẹ̀gbẹ́ táyà kúrò nínú rímù, á fa túùbù jáde, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á sì máa tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi láti ibì kan dé ibòmíràn títí omi yóò fi máa hó níbi tó ti lu. Lẹ́yìn náà ni yóò nù ún gbẹ, yóò fi ohun tí ojú rẹ̀ kan ṣákaṣàka ha ibẹ̀, yóò fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní sọ́lúṣọ̀n kùn ún, yóò sì dúró kó gbẹ díẹ̀ kó tó lẹ rọ́bà mọ́ ọn, torí pé ọmọ iṣẹ́ tó bá kánjú lẹ̀ ẹ́ ní tútù yóò tún un lẹ̀ lójú oníbàárà. Iṣẹ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni títọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ti tẹ̀: á gbé e yí, á di èékánná mú sí ẹ̀gbẹ́ rímù láti mọ ibi tó ti ń mì, á wá máa fún sípóòkù kan, á máa dẹ òdìkejì rẹ̀, títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi máa yí gbọọrọ.

Iṣẹ́ yìí kò jẹyọ láti inú òfìfo. Ìbàdàn ti jẹ́ ìlú alágbẹ̀dẹ láti ayé ogun, ẹni tó bá sì mọ bí irin ṣe ń gbóná tó ń rọ̀ kò ní pẹ́ mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n jó irin kẹ̀kẹ́ tó dá. Archibald Callaway, tó ṣèwádìí lórí àwọn iṣẹ́ ọwọ́ Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí ìlú náà ní 1967, rí i pé ètò ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ilé ẹ̀kọ́ tó tóbi jù fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Òbí á mú ọmọ wá, wọ́n á jọ fẹnu kò lórí iye ọdún, ọmọ á máa sin ọ̀gá, nígbà tó bá sì parí, wọ́n á ṣe fírídọ̀mù fún un, ìyẹn ayẹyẹ ìtúsílẹ̀ níbi tí ọ̀gá ti ń gbàdúrà fún ọmọ kó tó lọ dá ìsọ̀ tirẹ̀. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ló tún ń fi kẹ̀kẹ́ háyà, ìyẹn fífi kẹ̀kẹ́ yá ènìyàn fún owó ìṣẹ́jú tàbí wákàtí, pàápàá lọ́jọ́ Iléyá àti Kérésìmesì tí owó ọdún wà lọ́wọ́ ọmọdé, lórí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ agboolé ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, tí ẹsẹ̀ wọn gba abẹ́ ọ̀pá àárín kọjá nítorí pé wọn kò ga tó ìjókòó. Irin ni kẹ̀kẹ́, ẹ̀sìn Ògún, òrìṣà irin, kò sì yọ ọ́ sílẹ̀, àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í gbàgbé ọjọ́ ọdún Ògún.

Àwọn agbẹ́gilére náà rí i. Areogun ti Òsì, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá agbẹ́gilére Yorùbá ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, gbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ sí ara ìlẹ̀kùn láàárín jagunjagun àti ẹlẹ́ṣin. Ère Yorùbá kan tó ṣàfihàn ọkùnrin kan pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti di gbajúmọ̀ káàkiri ayé, nítorí pé ní 1987, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn mélòó kan yan iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tó wù wọ́n fún ìpàtẹ kan ní New York, ère náà ni òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, James Baldwin, yàn, Kwame Anthony Appiah sì fi ṣe orísun àlàyé nínú ìwé rẹ̀ ní 1992. Lójú àwọn agbẹ́gilére, kẹ̀kẹ́ ti bọ́ sí ipò tí ẹṣin wà tẹ́lẹ̀, ìyẹn àmì ẹni tó rìn jìnnà tó sì ní ọlá.

Ìjọba náà kò fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ayé amúnisìn ń gba owó láísẹ́ǹsì lórí kẹ̀kẹ́ lọ́dọọdún, wọ́n sì ń fún ẹni tó bá san án ní àmì irin pélébé tí yóò kàn mọ́ ara rẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé òfin yìí kò kú: Àfikún Kẹrin nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 ṣì ka fífún kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ àjẹ̀, bárò àti ọmọlanke ní ìwé àṣẹ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Ìlà Oòrùn Ìbàdàn tó fi Màpó ṣe ibùjókòó sì wà lára àwọn tí àṣẹ náà wà lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn òmìnira, ó jọ pé kẹ̀kẹ́ ti fìdí múlẹ̀ pátápátá: Timothy Adeola Odutola ti Ìjẹ̀bú-Òde ń ṣe táyà àti túùbù kẹ̀kẹ́ nílẹ̀ wa láti àwọn ọdún 1960, Raleigh sì ní ilé iṣẹ́ ní Kano. Àmọ́ owó epo rọ̀bì yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1975, nígbà tí ìjọba san owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù àti àjẹsílẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ olórí ìgbìmọ̀ tó dá a lábàá pè, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ra alùpùpù, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tó ní ẹ́ńjìnnì, èyí tí òkè Màpó kò rí gbé ṣe. Alùpùpù wá di ọ̀kadà tó ń gbé èrò, kẹ̀kẹ́ Màrúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì tẹ̀ lé e. Ọ̀gá atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó rí i pé owó ti ṣí lọ kò jókòó sí ìsọ̀ òfìfo: ó di mẹkáníìkì alùpùpù tàbí fọkanáísà, ìyẹn ẹni tó ń lẹ táyà mọ́tò, ọmọ tí òbí mú wá kọ́ iṣẹ́ sì ń bèèrè ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe sípóòkù. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé SAP ti 1986 mú owó náírà wálẹ̀, ìparun náà parí, nítorí pé ohun èlò kẹ̀kẹ́ tuntun wọ́n, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ògbólógbòó rọ́pò rẹ̀ sì ti ń tán lọ.

Kẹ̀kẹ́ tó ṣẹ́ kù lójú pópó àárín ìlú ni ti àwọn tó ń ta Fan Milk, wàrà dídì tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ẹlẹ́yẹlé, tí àpótí rẹ̀ jókòó síwájú kẹ̀kẹ́ tí olùtà ń tì ju bó ti ń gùn ún lọ. Láti ẹ̀yìn odi sì ni kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ti ń wọlé, oríṣi méjì ló sì pọ̀ jù nínú wọn: kẹ̀kẹ́ ojú títì, tó fúyẹ́, tí táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ṣe fún eré sísá, àti kẹ̀kẹ́ orí òkè, tó bẹ̀rẹ̀ ní California ní àwọn ọdún 1970, tí táyà rẹ̀ fẹ̀, tí jíà rẹ̀ pọ̀, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ní ohun tó ń gba ìjàǹbá kòtò mọ́ra níwájú. Kẹ̀kẹ́ orí òkè yìí gan-an ni ọ̀nà láti Ọjà Ìbà gun Màpó ti ń bèèrè láti ọjọ́ tí akọ̀wé àkọ́kọ́ ti sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń fi í ṣeré ìdárayá lónìí kì í sábà jẹ́ ará agboolé àárín ìlú, bíréèkì oní-wáyà àti jíà rẹ̀ tó lé ní ogún sì ń pá ọ̀pọ̀ fọkanáísà láyà.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, síbẹ̀ gbogbo ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ gbà wọ Ọjà Ìbà ló gba ìsọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe kọjá. Owó kẹ̀kẹ́ ìjọba, owó kòkó àti owó háyà ti ń bọ́ iṣẹ́ náà fún ọdún tó lé ní àádọ́ta, nígbà tí owó náà sì yà kúrò, ìmọ̀ náà bá a lọ. Nítorí náà, bí àwọn tó ń ṣètò ìrìnnà ìlú bá fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ padà sí àárín Ìbàdàn, ọ̀nà tí wọ́n kùn lọ́dà fún un nìkan kò ní tó: ọ̀gá tó mọ jíà tuntun, tó gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, tó sì rí ohun èlò rà ní Bẹẹrẹ láìlọ sí Èkó, ni yóò pinnu bóyá kẹ̀kẹ́ náà yóò pẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹni tó rà á.